Eku Aláìnírù Tó Ń Jí Kọ̀ǹpútà Ọ̀gá

Ohun àkọ́kọ́ tó dójú tì mí ní Abidjan, lẹ́tà A ni.

Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi lo kọ̀ǹpútà ní Ọ̀yọ́ kí n tó kúrò nílé. Ìka mi kì í bi ojú mi léèrè ọ̀nà mọ́. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé Koumassi, Bọ̀dá Ganíù, ẹni tó gbà mí síṣẹ́, fi mí jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní kí n tẹ orúkọ bàbá mi, kí òun fi mọ bí ọwọ́ mi ṣe yá tó. Mo tẹ̀ ẹ́ wàràwàrà bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ohun tó wà níwájú mi kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni nílẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire. Àwọn Faransé ti gbé A síbi tí Q ń gbé lọ́dọ̀ wa, wọ́n sì ti lé M kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ L.

Bọ̀dá Ganíù tẹjú mọ́ ọn. "Papa ẹ nìyẹn?" ló wí. "Ó dáa. Bá mi kí i."

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà. Ohun tí àjò jẹ́ gan-an nìyẹn. Kò sí ohun tó sọnù. Lẹ́tà pé, ìrẹsì wà, òjò ń rọ̀, ènìyàn ń kí ènìyàn. Àmọ́ kò sí èyí tó wà níbi tí ọwọ́ rẹ ti máa ń bá a.

Treichville ni wọ́n bí Bọ̀dá Ganíù sí. Bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ta aṣọ ní Adjamé. Ó gbọ́ gbogbo Yorùbá tí ènìyàn bá sọ, ó gbọ́ èébú pàápàá, ṣùgbọ́n bó bá ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn. Ìdajì Yorùbá, ìdajì Faransé, ẹ̀rín á sì dí àlàfo tó bá kù. Ọ̀dọ̀ Àǹtí Sìkírá, àbúrò ìyá mi, ni mo ń gbé. Abọ́ ni ó ń tà ní ọjà Koumassi, ìyẹn ló sì kó bá mi. Anago ni wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá ní ìlú náà, Anago sì ni ẹni tó ń ta abọ́, àwọ̀n ẹ̀fọn, àti gbogbo nǹkan kéékèèké tí ilé kò lè ṣe aláìní. Bí mo bá sọ fún ènìyàn pé kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe, yóò mi orí, yóò ní, "Ah, bon," lẹ́yìn náà yóò bi mí bóyá a ṣì ní abọ́ ńlá aláwọ̀ ewé.

Gbogbo ọjọ́ Sunday ni ìyá mi máa ń pè.

"Ṣé iṣẹ́ ń lọ?"

"Ó ń lọ dáadáa, Màámi. Ẹ̀rọ amúlétutù wà ní ọ́fíìsì wa."

Irọ́ kọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Oníbàárà kan ló gbé e wá fún àtúnṣe, kò sì padà wá gbé e. Orí rẹ̀ la máa ń kó ife tíì lé. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi ṣe gbọ́ ọ, ó ti sọ fún gbogbo agboolé pé inú òtútù ni ọmọ òun ti ń ṣiṣẹ́, pé àfi kí wọ́n fi súẹ́tà ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n fi ránṣẹ́ lóòótọ́. Ẹnì kan gbé e wá láti Ọ̀yọ́, mo sì fi ṣe ìrọ̀rí.

Ohun tí n kò sọ fún un ni pé n kò tíì dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ní Yorùbá, aláwàdà ni mí. Bí mo bá wọ ilé, wọ́n á ti máa rẹ́rìn-ín kí n tó jókòó. Ní Faransé, mo jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́ kan tí wọ́n á tẹ̀ lẹ́sẹ̀ nínú wôrô-wôrô, takisí àjọwọ̀ wọn, tí yóò sì dáhùn pé, "Merci." N kò fẹ́ràn ọmọ náà rárá, ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀ la jọ ń lọ síbi gbogbo.

Ní oṣù kẹta, Bọ̀dá Ganíù ta máòsì méjì tí kò ní wáyà fún ilé-ìwé aládàáni kan ní Koumassi, ọ̀kan fún ọ̀gá ilé-ìwé, ọ̀kan fún akọ̀wé rẹ̀ tó wà ní yàrá kejì. Souris ni Faransé ń pe máòsì. Eku náà ni. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi lórí fóònù, ó bi mí léèrè.

"Eku tí wọ́n gé ìrù rẹ̀?"

"Ẹ̀rọ ni, Màámi. Kò lẹ́mìí."

"Kí ló wá ń rìn?"

Èmi ni wọ́n rán lọ fi àwọn eku náà síbi iṣẹ́. Mo fi ti ọ̀gá sí tirẹ̀, mo fi ti akọ̀wé sí tirẹ̀, wọ́n sì ń rìn. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lábẹ́ ikùn eku kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n kọ 1 àti 2 sí. Mo fi àwọn méjèèjì sí 1. Ta ni yóò fi 2 bẹ̀rẹ̀? Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ojú ewé tí kọ̀ǹpútà ti ń bèèrè ohun tí a fún eku náà láyè láti ṣe. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tí ènìyàn lè fi àmì sí, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ṣé kí ohun èlò yìí lè mú kọ̀ǹpútà jáde kúrò nínú "mode veille"? Mo mọ gbogbo rẹ̀ àfi veille. Mo pe Àǹtí Sìkírá.

"Àǹtí, kí ni wọ́n ń pè ní veille?"

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ọ̀rọ̀ náà ni mo ń béèrè."

"Veillée ni wọ́n máa ń ṣe bí ènìyàn bá kú. Àìsùn ni. Wọ́n á jókòó ti òkú, ẹnì kan ò ní sùn."

Mo dúpẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó bí ọmọwé. Veille ni àìsùn. Bí eku bá mú kọ̀ǹpútà jáde kúrò nínú àìsùn, oorun ló fi í sí nìyẹn. Ohun tó dára ni. Kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ sinmi. Mo fi àmì sí àpótí ti ọ̀gá, mo fi sí ti akọ̀wé. Nígbà tí ọ̀gá dé, mo ní, "C'est bon," pé ó ti dáa. Gbólóhùn Faransé kan ṣoṣo tó dá mi lójú nìyẹn nígbà náà, mo sì ń ná an bí owó ọ̀fẹ́.

Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, Bọ̀dá Ganíù ti ibi fóònù dé, ojú rẹ̀ le.

"Directeur ilé-ìwé yẹn," ló wí, "ó ní ẹnì kan ń wọ bureau òun ní midi, lọ́sàn-án. Ó máa ń fi kọ̀ǹpútà sí oorun, á ti ilẹ̀kùn, á lọ jẹun. Bó bá dé, kọ̀ǹpútà ti jí. Ó ní femme de ménage ni, obìnrin tó ń gbálẹ̀, torí kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ń mú àwọn élèves wọlé wá wo ìbéèrè ìdánwò."

"Ṣé ó rí wọn?"

"Kò rí wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n yege nínú mathématiques."

"Ìyẹn nìkan ni ẹ̀rí?"

"Gbogbo kíláàsì ló yege," ni Bọ̀dá Ganíù wí, bí ẹni tó ń ka ẹ̀sùn níwájú adájọ́. "Ó ní kò ṣẹlẹ̀ rí. Kọ̀ǹpútà máa ń kọ wákàtí sílẹ̀, non? Lọ bá a wá ẹ̀rí. Ó ní bí a bá rí i, àwọn kọ̀ǹpútà tuntun méjìlá tó ń bọ̀, ọwọ́ wa ni wọ́n á wà."

Mo dé ibẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó lu agogo méjìlá. Obìnrin kan tó tó ẹni ogójì ọdún ń nu ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú ọ́fíìsì. Báàgì rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ti dì í. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kí n mú olè lónìí."

"Àmín," ni obìnrin náà wí.

Mo yíjú sí i. Kò dá omi nínù dúró.

"Mo gbọ́ Yorùbá," ló wí. "Mi ò sọ ọ́ bien. Grand-père mi, Ọ̀yọ́ ni. Mariam ni mí. Ìwọ ni wọ́n pè láti mú mi?"

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Tantie."

"Kì í ṣe èmi," ló wí. Gbogbo olè ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo aláìṣẹ̀ náà sì ni.

Ọ̀gá, Monsieur Bédi, gba kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú mi. Ènìyàn gíga ni, ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kàwé fún ọlọ́pàá. Ó fi kọ̀ǹpútà sí oorun, ó tì mí mọ́ inú ọ́fíìsì, ó ní tí òun bá dé ní agogo méjì, òun fẹ́ gbọ́ òtítọ́.

Mo jí kọ̀ǹpútà náà láti wo ohun tó kọ sílẹ̀. Ẹ̀rí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀rí tó burú. Ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn agogo méjìlá díẹ̀, ó ti jí. Wákàtí tí Tantie Mariam máa ń gbálẹ̀ náà nìyẹn. Mo tún fi í sí oorun, mo jókòó sórí àga ní igun yàrá, mo ká ọwọ́ mi méjèèjì mọ́ra kí n má baà di ẹni tí wọ́n ń fura sí.

Iṣẹ́jú díẹ̀ kọjá. Ojú ẹ̀rọ náà tàn.

Mo dìde. Mo wo ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, mo wo abẹ́ tábìlì. Eku náà dùbúlẹ̀ síbi tó wà. Mo gbé e, mo yọ bátìrì rẹ̀, mo kó o sápò, mo sì tún fi kọ̀ǹpútà sí oorun. Ó tún jí. Ọfà kékeré ojú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀, ó rìn lọ, ó dúró, ó rìn bọ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tó ń yan tòmátì. Mo rántí ìbéèrè ìyá mi: kí ló wá ń rìn?

Nígbà náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín obìnrin láti ẹ̀yìn ògiri. Yàrá akọ̀wé ni.

Mo sáré sí ojú fèrèsé tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Tantie! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọjú wo ohun tí akọ̀wé ń ṣe."

Ó lọ, ó sì bọ̀. "Ó ń jẹ attiéké. Ó ń ta ayò káàdì lórí kọ̀ǹpútà."

"Ẹ dúró níbi tí ẹ ti lè rí ọwọ́ rẹ̀. Bó bá ti gbé eku, ẹ sọ fún mi."

"Ó gbé e," ni Tantie Mariam wí. Ọfà rìn níwájú mi. "Ó dúró." Ọfà dúró. "Ó ń jẹun." Ọfà kò mira. "Ó tún gbé e." Ọfà tún gbéra.

Mo dojú eku ọ̀gá délẹ̀, mo wo ikùn rẹ̀. 1. Mo mọ ohun tí n óò rí lábẹ́ tèkejì, torí ọwọ́ mi ló fi í sí i. Ohùn kan náà ni kọ̀ǹpútà méjèèjì ń gbọ́. Bí akọ̀wé bá fọwọ́ kan eku rẹ̀, kọ̀ǹpútà ọ̀gá á dáhùn lẹ́yìn ògiri. Lẹ́tà ni akọ̀wé ń tẹ̀ láti àárọ̀, ọ̀sán tó ń ta ayò káàdì ló ń gbé eku. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò tíì sọ ìdí tó fi ń jí i lójú oorun. Mo ṣí ojú ewé ọjọ́ kìíní. Àmì mi ṣì wà nínú àpótí náà. Mo pe Bọ̀dá Ganíù.

"Bọ̀dá, kí ni mode veille?"

"Ìgbà tó ń sùn ni."

"Sùn kẹ̀? Àǹtí ní àìsùn ni veille."

"Fún ènìyàn, àìsùn ni. Fún kọ̀ǹpútà, oorun ni."

"Ta ló ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀?"

"Òyìnbó, les Blancs," ni Bọ̀dá Ganíù wí. "Kí ló dé?"

Mo ní kò sí nǹkan kan.

Mo jókòó. Kò sí olè kankan ní ilé-ìwé yẹn, àfi bí ó bá jẹ́ èmi. Mo lè yọ àmì yẹn kúrò, kí n fi eku sí 2, kí n ní "C'est bon," kí n sì máa lọ. Kọ̀ǹpútà á máa sùn, ṣọ́ọ̀bù wa á gba iṣẹ́ kọ̀ǹpútà méjìlá, ìyá mi á máa fi mí yangàn ní agboolé. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà náà bá ṣàdédé ṣíwọ́ jíjí ní ọjọ́ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ obìnrin yìí, ẹ̀rí wo ni ọ̀gá á tún máa wá? Èmi gan-an ni yóò ti bá a parí ẹjọ́ náà.

"Kí lo rí?" ni Tantie Mariam béèrè lójú fèrèsé.

"Tantie, èmi ni."

"Toi?"

"Ọjọ́ tí mo wá fi wọ́n síṣẹ́. N kò gbọ́ Faransé rẹ̀ yé. Mo fún eku láyè láti máa jí i."

Mo ń retí pé kó dúpẹ́, ká sọ òótọ́. Mo ti ń múra láti sọ pé kò tọ́pẹ́.

"Ọ̀sẹ̀ méjì," ló wí. "Ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn professeurs ò kí mi." Ó gbé korobá rẹ̀, ó kúrò lójú fèrèsé.

Nígbà tí Monsieur Bédi dé, mo kó gbogbo Faransé tí mo ní jọ, mo sì nà án fún un. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní ẹ̀yin Anago, ẹ mọ bí ẹ ṣe ń gbèjà ara yín.

"Treichville ni wọ́n bí mi sí, Monsieur le Directeur," ni Tantie Mariam wí láti ẹnu ọ̀nà.

"Justement," ni ọ̀gá dáhùn, bí ẹni pé ìyẹn gan-an lòun ń wí. Títí di òní, n kò mọ ohun tó ní lọ́kàn. Kò dá mi lójú pé òun náà mọ̀ ọ́n.

Mo bá dáwọ́ lé iṣẹ́. Mo fi kọ̀ǹpútà sí oorun, mo bẹ ọ̀gá kó jókòó tì í, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo ní kí Tantie Mariam lọ sí yàrá kejì, kó gbé eku akọ̀wé. Ojú ẹ̀rọ tàn gbòò. Ọ̀gá fò sókè lórí àga. A tún un ṣe. Ó tún tàn. Ní ìgbà kẹta, ọ̀gá ní kí Tantie Mariam padà sọ́dọ̀ mi, òun fúnra rẹ̀ sáré lọ sí yàrá kejì, ó gbé eku náà, ó sì kígbe béèrè láti ẹ̀yìn ògiri bóyá ó ti jí: "Et là?"

"Oui!" ni èmi àti Tantie Mariam kígbe padà.

"Et là?"

"Oui!"

Ó tó ìgbà mẹ́fà. N kò rí i kó láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni mo yọ àmì kúrò nínú àpótí, mo fi eku rẹ̀ sí 2, mo sì dá bátìrì rẹ̀ padà. Ó tún kígbe láti yàrá kejì. Kọ̀ǹpútà náà kò ṣí ojú rárá.

Ọ̀gá padà wọlé, ó tún táì rẹ̀ ṣe. "Bon. Mariam, padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ."

"Rárá," ni Tantie Mariam wí.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ báàgì rẹ̀. Ó ní inú yàrá àwọn olùkọ́ ni Monsieur le Directeur ti pe òun ní olè, inú yàrá àwọn olùkọ́ náà ni kó ti sọ pé eku ni. Òun lè dúró. Ọ̀gá wọlé, ó sì tilẹ̀kùn. Mo gbé àpò mi láti máa lọ.

"Ìwọ náà jókòó," ló sọ fún mi ní Yorùbá. "Ẹlẹ́rìí ni ọ́."

A jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Tantie Mariam ní bàbá òun náà, ìlú yìí ni wọ́n bí i sí. Òun ò dé Ọ̀yọ́ rí. Ó bi mí bóyá ó tóbi. Mo ní ó tóbi díẹ̀. Mo ń ro ó lọ́kàn mi: oṣù márùn-ún ni mo ti lò níbí, ìdílé obìnrin yìí ti lo ìran mẹ́ta, Anago kan náà ni wọ́n ń pe àwa méjèèjì. Ìlú kan wà tí ènìyàn lè pẹ́ débi tó wù ú, kí wọ́n ṣì máa kí i káàbọ̀. N kò sọ ọ́ jáde. Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ó sì ti sọ ọ́ tán nígbà tó kọ̀ láti dìde.

Nígbà tí wọ́n lu aago ìsinmi ìrọ̀lẹ́, tí àwọn olùkọ́ kó jọ, ọ̀gá jáde. Kò wò wá, ṣùgbọ́n yàrá àwọn olùkọ́ ló gbà lọ, àwa náà sì tẹ̀ lé e. Faransé tó sọ níbẹ̀ gùn, ó sì dára. Bí mo ṣe gbọ́ ọ mọ, òun ló fura sí eku náà láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ló sì fi ọgbọ́n orí rẹ̀ mú un. Ṣùgbọ́n ní àárín rẹ̀, ó ní Madame Mariam kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ rárá, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Olùkọ́ mathématiques na ọwọ́ sókè.

"Ó wá túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ mi kàwé lóòótọ́?" ló béèrè.

Ìyẹn ló ṣòro jù fún wọn láti gbà gbọ́.

Tantie Mariam ní, "Merci, Monsieur le Directeur," ó sì lọ mú ìgbálẹ̀ rẹ̀.

Mo dúró dè é títí ó fi ṣíwọ́. N kò mọ ìdí. Bóyá nítorí pé láti ìgbà tí mo ti dé, òun ni àjèjì àkọ́kọ́ tó bínú sí mi ní Yorùbá, mo sì ti ṣàárò rẹ̀. A jọ rìn lọ síbi tí wôrô-wôrô ti ń gbé èrò. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀ kó tó yíjú sí mi.

"Aago mélòó lẹ máa ń ṣíwọ́ ní samedi?"

"Ní Sátidé? Agogo méjì. Kí ló dé, Tantie?"

"Mo fẹ́ kí o kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà," ló wí. "Bí wọ́n bá tún máa fẹ̀sùn kàn mí, ó kéré tán, kó jẹ́ ohun tí mo lè ṣe."